Ọmọ Tí Kò Gbọ́ àti Ọmọ Tí Kò Gbọ́ràn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ìjọ ní Abẹ́òkúta lórí ìdánwò etí àti oríṣi dídi tí etí ń di

Nígbà tí a kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí a fẹ́ sọ, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni kò mọ etí? Ẹni tí ó gbọ́, ó gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́, adití ni." Ọ̀rọ̀ bàbá yìí gan-an ni a wá bá jiyàn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Láàárín ẹni tí ó gbọ́ àti adití, ọ̀nà jìn níbẹ̀, àwọn tí ó sì wà lójú ọ̀nà náà pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2021, wọ́n kà á pé àwọn tí etí wọn kò pé ní gbogbo ayé lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀, àti pé nǹkan bí mílíọ̀nù 430 nínú wọn ni ìtọ́jú tọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbọ́, ni Yorùbá fi ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. A ń fi í sọ pé ohùn wọ etí ẹni: mo gbọ́ agogo. A ń fi í sọ pé nǹkan yé ẹni: ó gbọ́ èdè Hausa. A sì tún ń fi í sọ pé ẹnìkan ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe: ọmọ náà gbọ́ràn. Ẹwà èdè ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí a bá pe ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, ọkàn wa kì í lọ sí ìtumọ̀ kìíní. Ìtumọ̀ kẹta ni ó ń yára dé. A ó ní, "Ṣé etí rẹ di ni?" kì í ṣe láti béèrè bí etí rẹ̀ ti rí, bí kò ṣe láti bú u.

Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ ni wá, a kì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí a mọ̀ nípa etí, inú ẹ̀bi ni a ti kọ́ ọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti kọ́ni ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà tí ó máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Bí a bá ní kí wọ́n ṣí ìwé, òun ni yóò ṣí i gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ó bá ti wo ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, kò ní bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró níwájú rẹ̀ gan-an, á dáhùn dáadáa. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ó ń gbọ́, pé ńṣe ni ó ń yan ohun tí ó fẹ́ gbọ́. A nà án. A sì fún un ní ìgbátí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń mú un lọ sí ilé-ìwòsàn nítorí ọyún tí ń jáde ní etí òsì rẹ̀, ó bẹ̀ wá pé kí a bá òun lọ, nítorí òun kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà fi iná wo inú etí méjèèjì. Ó sì bi wá léèrè bí ẹnikẹ́ni bá ti gbá ọmọ yìí létí rí. Ìyá náà wo ojú wa, ó ń dúró kí a túmọ̀ ìbéèrè náà fún òun.

Kí a tó sọ ohun tí dókítà rí, ó yẹ kí a mọ bí inú etí ti rí. Etí tí à ń rí, tí àwọn obìnrin ń fi yẹtí sí, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Láti ibẹ̀ ni ihò kan ti wọlé, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí íńṣì kan lọ ní ara àgbàlagbà. Ní òpin ihò náà ni awọ tín-ín-rín kan wà, tí a nà bí a ti ń na awọ ìlù. Ohùn kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí ń mì. Nígbà tí onílù bá lu dùndún, awọ ìlù mì, afẹ́fẹ́ mì, awọ inú etí wa náà sì mì pẹ̀lú. Lẹ́yìn awọ yìí ni yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Eegun mẹ́ta so kọ́ra níbẹ̀, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi lè dúró lórí èékánná àtàǹpàkò: ọ̀kan rí bí òòlù, èkejì bí irin tí alágbẹ̀dẹ ń lu nǹkan lé lórí, ẹ̀kẹta bí irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lára gàárì. Awọ ń ti èkíní, èkíní ń ti èkejì, ẹ̀kẹta sì ń kan ilẹ̀kùn yàrá inú lọ́hùn-ún. Yàrá inú yìí ká kò bí ìkarahun ìgbín, omi ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun tíntìntín tò lẹ́sẹẹsẹ nínú omi náà. Àwọn ni wọ́n ń sọ mímì omi di iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ọpọlọ. Bí àwọn irun wọ̀nyí bá kú ní ara ènìyàn, wọn kì í hù mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí a bá fi ohùn wé lẹ́tà, ohun méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀ tí lẹ́tà kò fi ní jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Èkíní ni pé kí ẹni tí ń gbé e bọ̀ má lè dé ilé, nítorí igi wó dí ọ̀nà tàbí afárá já. Èkejì ni pé kí lẹ́tà dé ilé láyọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò kà á má sí nílé mọ́. Oríṣi etí dídi méjì tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nìyẹn. Àkọ́kọ́ jẹ́ dídi ojú ọ̀nà: ìdọ̀tí dí ihò etí, tàbí awọ ya, tàbí ọyún kún yàrá eegun, tàbí àwọn eegun náà gan. Èkejì jẹ́ dídi inú: irun inú ìgbín ti kú, tàbí iṣan kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta kàn jẹ́ àdàlù àwọn méjèèjì ní etí kan náà. Láti òde, gbogbo wọn jọra wọn: a pè é, kò jẹ́. Ṣùgbọ́n dídi ojú ọ̀nà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a lè tún ṣe pátápátá. Dídi inú, àfi kí a ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà níwájú òun, gbogbo oògùn tí ó bá ń ṣe, inú òkùnkùn ni ó ti ń ju òkúta.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ jẹ́ kí a dán nǹkan kan wò pọ̀ nísinsìnyí. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ máa kùn ní ohùn kan, bí ẹni tí ń wá ohùn orin. Ẹ má dákẹ́. Kí olúkúlùkù wá fi ìka di etí ọ̀tún rẹ̀ dáadáa. Ṣé ẹ gbọ́ bí ohùn náà ti ṣí lọ? Ó ti fò sí etí ọ̀tún, etí tí ẹ dí gan-an, ó sì ń dún níbẹ̀ gboin-gboin. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ohun tí ẹ ṣe yẹn ni ọ̀mọ̀wé Weber ti ìlú Leipzig, ní ilẹ̀ Jámánì, kọ sílẹ̀ ní 1834: ohùn tí ó bá gba inú eegun orí wọlé, etí tí ojú ọ̀nà rẹ̀ dí ni í gbọ́ ọ jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú etí kan ni ó kú, apá kejì tí ó yè ni ohùn yóò sá lọ.

Ohun èlò tí àwọn dókítà fi ń ṣe èyí wà lórí tábìlì níwájú wa yìí, kì í sì í ṣe àjèjì sí àwọn ọ̀gá akọrin wa. Amúga irin ẹlẹ́nu méjì ni, èyí tí wọ́n fi ń wá ohùn kí akọrin tó bẹ̀rẹ̀. John Shore, afunfèrè ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe irú rẹ̀ ní 1711. Èyí tí dókítà fẹ́ràn ń mì ní ìgbà 512 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ń lù ú, ó ń fi ìdí rẹ̀ ti eegun tí ó wà lẹ́yìn etí, á sì ní kí a sọ nígbà tí a kò bá gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á gbé e wá síwájú ihò etí. Ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá yóò tún gbọ́ ọ níbẹ̀, nítorí pé ọ̀nà afẹ́fẹ́ dára ju ọ̀nà eegun lọ. Ẹni tí ojú ọ̀nà rẹ̀ dí kò ní gbọ́ nǹkan kan. Rinne, ará Göttingen, ni ó kọ́ni ní ìdánwò yìí ní 1855.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin wa. Dókítà fi amúga náà lé iwájú orí rẹ̀, ó sì ní kí a bi í pé níbo ni ó ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ náà na ọwọ́ sí etí òsì, etí tí ọyún ń dà. A bínú. A sọ fún un pé kí ó má purọ́ fún dókítà, pé báwo ni etí tí ó bàjẹ́ yóò ṣe gbọ́ ju èyí tí ó sàn lọ. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òtítọ́ ni ọmọ náà sọ, òtítọ́ náà sì ni òun ń wá. Nígbà tí ó gbé amúga síwájú etí òsì, ọmọ kò gbọ́. Ó gbé e padà sí ẹ̀yìn etí, ojú ọmọ náà là, ó ní ó ń dún. Ilé ṣì wà, ẹni tí ń ka lẹ́tà sì ṣì wà nínú rẹ̀. Afárá ni ó já. Awọ etí òsì ti lu, ọyún sì kún yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Awọ etí ọ̀tún náà ní ihò kékeré kan, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gbẹ. Dókítà ní ìgbátí lè lu irú ihò bẹ́ẹ̀, àìsàn sì lè lu ú, kò sí ẹni tí ó lè wò ó nísinsìnyí kí ó sọ èyí tí ó jẹ́. Ọwọ́ tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń gbá ọmọ náà létí. A kò mọ̀, a kò sì ní mọ̀ láéláé.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro. Wọ́n fi òwú mímọ́ gbẹ etí náà, wọ́n fún un ní oògùn tí a ń kán sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé omi kò gbọdọ̀ wọ ọ́, kí ó má sì ṣe bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Ògùn. Ihò kékeré a máa pa ara rẹ̀ dé bí a bá jẹ́ kí ó gbẹ. Èyí tí ó tóbi tí kò sì pa dé, oníṣẹ́-abẹ lè mú awọ díẹ̀ ní ara ẹni náà lẹ̀ ẹ́. A gbé ọmọ náà wá sí bẹ́ńṣì iwájú. Ní ìparí ọdún, ó ṣe ẹni kẹsàn-án nínú ọmọ 41. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwa fúnra wa ni a kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò ní ọpọlọ.

Níwọ̀n ìgbà tí a wà lórí ọyún etí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sí èyí. Etí tí ń ṣọyún kì í ṣe ohun tí ọmọ ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ó lè jẹ eegun, ó sì lè wọ inú ọpọlọ. A mọ ohun tí à ń dà sí i nílé: àdín, omi ọmú, omi ìgbín, ìtọ̀. Kò sí ọ̀kan tí ó wo ó sàn. Nígbà tí awọ bá sì ti lu, tààrà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ yàrá eegun lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyẹ́ adìyẹ àti igi ìṣáná tí a fi ń ro etí. Ìdọ̀tí etí a máa rọra jáde fúnra rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni í ti í padà sínú, títí yóò fi dí ihò pátápátá. Mélòó nínú wa ni a ti pè ní adití tí ó jẹ́ pé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọwọ́ nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́ ni ó nílò!

Dídi inú etí ni ó gbà wá lọ́kàn jù, nítorí pé bí ó ti ń dé kò lariwo. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa kan fi ẹ̀rọ lọ ata ní Kútọ̀ fún ọdún tí ó lé ní 30. Nígbà tí ó dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàròyé pé àwọn ọmọ òde òní kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́, kíkùn ni wọ́n ń kùn. Òun kò gbà pé etí òun ni. Ó ní, "Mo ń gbọ́ ìlù láti òpópó kejì, mo sì mọ ohun tí ìlù ń wí." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá sọ fún un láti inú yàrá pé ẹran náà jẹ́ mẹ́ta, mẹ́fà ni yóò gbọ́. Wọ́n bá a jà, ó sì bá wọn jà. Nígbà tí ó yá, ó dẹ́kun àti wá sí ìpàdé àwọn ìyá, ó ní wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín. Ọ̀dọ̀ dókítà ọmọ ìlú wa kan ni a ti rí ìdí rẹ̀.

Wọ́n mú un jókòó sínú yàrá kékeré kan tí ariwo kò lè wọ̀. Wọ́n fi ohun ìgbọ́ràn dé e létí, wọ́n sì ní nígbàkúùgbà tí ó bá gbọ́ ohùn, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí ó na ìka sókè. Ẹ̀rọ náà ń mú ohùn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ohùn ìsàlẹ̀ tí ó mì ní ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, dé ohùn òkè fíofío tí ó mì ní ìgbà 8000, wọ́n sì ń dín agbára ohùn náà kù títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ohun ìgbọ́ràn kúrò, wọ́n fi ohun kékeré kan ti eegun ẹ̀yìn etí, wọ́n sì tún un ṣe. Iṣẹ́ amúga irin náà ni èyí, àfi pé ó ní ìwọ̀n. Bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá burú tí ọ̀nà eegun sì dára, ojú ọ̀nà ni ó dí. Bí méjèèjì bá burú bákan náà, inú ni.

Ìwé tí wọ́n fún un jẹ́ àwòrán ìlà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, òkè sì ni òdo wà. Bí ìlà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni etí ń burú sí i. Ẹ má ṣe kà á bí máàkì ilé-ẹ̀kọ́. A ti rí ẹni tí ó ń yọ̀ pé òun gba 60 tí ẹnìkejì òun gba 15! Ẹni tí ó gba 15 ni etí rẹ̀ dá. Láti 20 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á pé etí dín kù, láti 35 ni ó ti di ohun tí a kò lè fojú kéré, láti 80 sì ni ó ti burú jáì. Ìlà ìyá wa bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní apá ohùn ìsàlẹ̀, ó ń lọ gbọọrọ, lẹ́yìn náà ó já bọ́ bí ẹni pé ó dé etí Olúmọ. Ní apá ohùn òkè, ó ti kọjá 60.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún èdè wa. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí Yorùbá fi ń ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà, láti inú mímì ọ̀fun ni ó ti ń wá, ọ̀fun ọkùnrin sì ń mì ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti obìnrin ní nǹkan bí 200. Apá tí ìyá wa ṣì ń gbọ́ nìyẹn; òun náà sì ni dùndún ń fi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n s, ṣ, f, t àti k kì í gba ọ̀fun. Afẹ́fẹ́ wẹ́ẹ́ ni wọ́n, ohùn wọn ga, agbára wọn kò sì tó nǹkan. Ẹ sọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: sá, ṣá, fá, tá, ká. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹni tí ìlà rẹ̀ rí bí ti ìyá wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n. Ó jọ lójú wa pé ìdí nìyí tí àwọn àgbà wa fi lè pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé etí àwọn ń lọ: orin ọ̀rọ̀ ń wọlé, wọ́n sì ń fi ọgbọ́n dí ìyókù.

Ìdánwò kékeré kan wà tí a lè ṣe nílé. Kí ẹ dúró lẹ́yìn àgbà náà, ní ìwọ̀n nínà apá kan, kí ó má baà wo ẹnu yín. Kí ó fi ìka di etí kejì, kí ó máa rọra fi í ra á. Kí ẹ wá sọ nọ́ńbà mẹ́ta ní ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ó tún wọn sọ. Nínú ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ọ̀fun kì í mì, nítorí náà orin èdè pòórá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé t àti f nìkan ni ó kù láti ya mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára mẹ́fà. Ẹni tí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìdí-Àbà ní 1993 ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Kò pọn dandan kí a gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ.

Ariwo ẹ̀rọ ni ó pa irun etí ìyá wa, ọjọ́ orí sì ràn án lọ́wọ́. Àwọn amòye ní ariwo tí ó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85, kí ènìyàn má gbà á ju wákàtí 8 lọ ní ọjọ́ kan. Bí ó bá fi 3 lé sí i, kí a gé àkókò náà sí ìdajì. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ dé 100, ìṣẹ́jú 15 ni ó kù. Àwọn tí ń fọ́ òkúta ní àyíká ìlú wa yìí, àwọn tí ń la pákó, àwọn tí ń lọ gàrí àti ata, ó yẹ kí wọ́n ní ohun ìdítí. Ọ̀kan tún wà tí kò ní dùn mọ́ àwọn kan: àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú ilé ìsìn wa lè kọjá 100 náà, àwọn ọmọ akọrin wa sì ń jókòó tì wọ́n ju ìṣẹ́jú 15 lọ.

Àwọn àrùn tí ń pa etí inú kò ṣàjèjì sí wa: yírùnyírùn tí í mú ọrùn le, èéyi, ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀, àti ibà Lassa, tí a fi orúkọ ìletò kan ní ilẹ̀ Borno pè láti 1969, tí ó máa ń mú etí púpọ̀ nínú àwọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oògùn kan náà wà níbẹ̀, bí abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn tí àwọn kan ń gún láìsí àṣẹ dókítà. A kò ní pẹ́ lórí wọn. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dúró lórí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́, nítorí pé inú àpótí aṣọ wa ni ó ń gbà wọlé.

Àwọn ọmọ kan wà ní àárín wa, àwọn ọkùnrin ní pàtàkì, tí a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò lè fara da káńfọ̀, èyí tí a ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìyá yóò tọ́jú aṣọ ọmọ fún oṣù mélòó kan nínú káńfọ̀, pẹ̀lú ìfẹ́. Yóò fi wé ọmọ ní ọjọ́ tí a bí i. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ojú rẹ̀ yóò sì pọ́n bí ìyeyè. Bí ohun pípọ́n yìí bá pọ̀ jù, ó ń wọ ọpọlọ, iṣan etí sì wà lára ohun tí ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Gbígbé ọmọ sí oòrùn òwúrọ̀ nìkan kò tó. Iná aláwọ̀ búlúù wà ní ilé-ìwòsàn fún un, nígbà mìíràn wọn a sì pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ péré ni a ní. Ọmọ tí a bá pẹ́ kí a tó gbé lọ lè yè, kí ó rẹwà, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta tí kò sọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́ta ti pẹ́ jù. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ fẹ́ kí a dán etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí a mọ òkodoro rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, nítorí pé ọdún àkọ́kọ́ ni ọpọlọ fi ń kó èdè jọ. Ẹ ó ní báwo ni a ṣe lè bi ọmọ ọwọ́ léèrè bí ó bá gbọ́? A kì í bi í. Ní 1978, David Kemp ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé etí tí ó dá kì í gba ohùn lásán, òun fúnra rẹ̀ a máa dá ohùn wẹ́ẹ́ kan padà láti inú ìgbín. Wọ́n ń ki ohun kékeré kan bọ ihò etí ọmọ tí ń sùn, ẹ̀rọ á sọ ohùn sínú, á sì fetí sílẹ̀ fún ìdáhùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìdánwò kejì wà tí ó ń lẹ ohun mọ́ orí ọmọ láti mọ̀ bí iṣan bá gbé iṣẹ́ dé ọpọlọ, òun sì ni ó yẹ ọmọ tí ojú rẹ̀ ti pọ́n rí, nítorí pé ìgbín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dáhùn nígbà tí iṣan rẹ̀ ti kú.

Èyí kì í ṣe ohun òkè òkun nìkan. Ní nǹkan bí 2005, Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà, oníṣègùn ọmọdé tí etí òun fúnra rẹ̀ kò pé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láàárín àwọn ọmọ tuntun ní Èkó. Ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ni a kò bí sí ilé-ìwòsàn, ṣùgbọ́n pé ìyá wọn a máa gbé wọn wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́. Nítorí náà ibi abẹ́rẹ́ náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ lọ. Fún ọmọ tí etí rẹ̀ kò lè padà, ẹ̀kọ́ wà. Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí yírùnyírùn sọ di adití ní ọmọ ọdún 11, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Èdè ọwọ́ ni ó fi kọ́ wọn. Èdè ni, kì í ṣe àpárá. Ọmọ tí ó ní in kò sí láìlédè, bí a tilẹ̀ pè é ní odi.

Ìyá wa ní Kútọ̀ gba ohun ìgbọ́ràn kan. Ó ń lò ó, ó sì ń ráhùn sí i, nítorí pé ó ń mú ohun gbogbo dún sókè, àti ọ̀rọ̀ àti ariwo ìkòkò. A ti kọ́ láti má pariwo mọ́ ọn, nítorí pé igbe kò sọ irun tí ó kú di ààyè, ó kàn ń dun etí tí ó kù ni. À ń kọjú sí i, à ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a kì í sì í fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti padà sí ìpàdé àwọn ìyá.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó kù jẹ́ ti àwọn tí ó ní ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n bá dán etí ọmọ yín wò tí ẹ̀rọ kò sì rí ìdáhùn, ẹ má ṣe sunkún, ẹ má sì ṣe bínú sí nọ́ọ̀sì. Omi ìbí lè ṣẹ́kù nínú ihò etí ọmọ tuntun, ọmọ sì lè máa mira. Wọn yóò dá ọjọ́ kan fún yín láti padà wá. Ibẹ̀ ni púpọ̀ ti ń sọnù, nítorí ọmọ ń jẹun, ó ń sanra, ilé-ìwòsàn sì jìn. Ẹ padà lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá.

Amúga irin náà yóò wà lórí tábìlì yìí títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wá dán an wò.